Ẹwà Aṣọ àti Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́: Ìtàn Àdìrẹ Ẹ̀gbá

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọn kò sì purọ́, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti mọ̀ pé ohun tí ènìyàn fi bo ara a máa sọ̀rọ̀ fún un níbi tí ẹnu rẹ̀ kò tíì dé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo kíkí tí à ń kí aṣọ lóde ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú arúgbó, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní yídì, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ẹni tí ó ran òwú rẹ̀, ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ inú aró títí èékánná fi dúdú nítorí rẹ̀, àti iye tí ó kù sọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọjà tú. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, kí a sì bá a rìn padà sí Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ìyá wa ti dáhùn rẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Gbogbo ayé ni ìbéèrè náà ti dé bá lónìí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó lulẹ̀ ní Savar, lẹ́bàá ìlú Dhaka ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ó sì pa àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 1,100, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tí ń rán aṣọ olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ilé-ìtajà ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ògiri ilé náà ti sán ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i, ẹ̀rù sì bà wọ́n, síbẹ̀ a ní kí wọ́n wọlé síbi iṣẹ́. Ikú wọn ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa béèrè ibi tí aṣọ wọn ti wá. Ṣùgbọ́n òwò tí kò ní ìrẹ́jẹ nínú ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Láti 1946 ni Edna Ruth Byler, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ti ń ra iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin aláìní ní Puerto Rico, tí ó ń tà á fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ kí owó lè dé ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ní 1991 ni Safia Minney bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó di ilé-iṣẹ́ aṣọ People Tree ní ilẹ̀ Japan. Ní 2005 sì ni aṣọ tí a fi òwú àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà hun, láti Mali, Sẹ̀nẹ̀gà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, gbé àmì Fairtrade wọ ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣòro kan náà ni gbogbo àwọn ẹni rere wọ̀nyí bá pàdé lójú ọ̀nà. Fún ọdún púpọ̀, àánú ni a fi ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó rà á rà á kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó gbé e délé, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, aṣọ mìíràn ni ó sì wọ̀ jáde lọ́jọ́ tí ó fẹ́ kí ayé rí òun. Ohun tí ó wù ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni; ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ológe kì í tìtorí pé òṣìṣẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ wọ aṣọ tí kò wu ojú, àfi ọjọ́ kan péré. Àánú lè mú ènìyàn ra aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ẹwà ni í mú un padà wá. Ibi tí olùrà bá sì ti ń padà wá ni oníṣẹ́ ti í rí ẹnu béèrè owó tí ó tọ́ sí i. Ohun tí ìtàn àdìrẹ Ẹ̀gbá fi kọ́ wa nìyí, mo sì gbà pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò tí ó lè kọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ, ilé àwọn ọmọ Lísàbí, àwọn Ẹ̀gbá dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti tú wọn kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá. Aró rírẹ ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí Abẹ́òkúta tó wà. A kì í dárúkọ Òṣogbo láì fi kún un pé ìlú aró ni, àwọn obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ náà sì ní Ìyá Màpó, òrìṣà tí í ṣe alábòójútó iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tí wọ́n máa ń bẹ̀ kí ìkòkò tó dùn. Kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu pé wọ́n bẹ òrìṣà sí i, nítorí pé iṣẹ́ tí ó gba sùúrù àti ìmọ̀ jíjinlẹ̀ ni. Ewé èlú tútù ni wọ́n á já, wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó róbótó, wọ́n á sì sá a sóòrùn kí ó gbẹ. Wọ́n á kó eérú igi sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu, wọ́n á máa da omi lé e lórí, omi náà á sì máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò kejì tí ó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n á fi rẹ èlú fún ọjọ́ mélòó kan, tí aláró á máa ṣí ìdérí rẹ̀, tí á máa fi imú gbóòórùn rẹ̀, tí á máa wo ìfófòó ojú rẹ̀, títí yóò fi mọ̀ pé ó ti jinná. Bí ó bá yára jù, aṣọ kò ní mu aró. Bí ó bá pẹ́ jù, ìkòkò ti kú nìyẹn, gbogbo làálàá sì di òfo. Nígbà tí ó bá sì pé wẹ́kú, wọ́n á ri aṣọ sínú rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì di aró lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí tí yóò fi dúdú, tí yóò máa dán.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti gba Abẹ́òkúta kọjá, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, aṣọ funfun tí wọ́n hun ní Mánṣẹ́sítà wọ ilẹ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu, owó kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ àti ìyàwó wọn. Ẹlòmíràn ì bá rò pé aṣọ òyìnbó yìí ni yóò pa iṣẹ́ aláró. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ojú aṣọ náà tẹ́jú ju ti òfì lọ, ó sì fẹ́lẹ́, nítorí náà ó lè gba ọnà wẹ́wẹ́ tí kíjìpá kò lè gbà. Wọ́n mú aṣọ ọ̀pá márùn-ún, wọ́n gé e sí méjì dọ́gba, wọ́n rán an pọ̀ kí ó lè tó ìró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárà sí i lára. Àwọn kan fi ìko dì í, wọ́n fún òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èso mọ́ ọn, oníko ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan fi abẹ́rẹ́ àti òwú hun ún jọ, alábẹ́rẹ́ ni tiwọn. Àwọn kan sì fi láfún se ẹ̀kọ, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sí ojú aṣọ kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí aró bá mu ún tán, tí wọ́n bá sì họ ẹ̀kọ kúrò, ọnà náà á yọ ní àwọ̀ sánmà lórí ilẹ̀ dúdú. Àwọn ọkùnrin náà kò gbẹ́yìn, nítorí pé ní Abẹ́òkúta ni àwọn kan nínú wọn ti ń gé páànù ní ọnà, tí wọ́n ń gba ojú rẹ̀ fi ẹ̀kọ sí aṣọ.

Ọgbọ́n tí ó jẹ́ kí aṣọ yìí wu ológe ni pé kò sí ìgbà tí kò bá àsìkò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọnà àtijọ́ bí Olókun kò parun, ṣùgbọ́n bí ohun tuntun bá ṣẹlẹ̀ nílùú, kò ní pẹ́ tí a ó fi rí i lára aṣọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Màpó parí ní Ìbàdàn ní 1929, àwọn òpó rẹ̀ di ọnà nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Nígbà tí George Karùn-ún, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìyàwó rẹ̀ ṣe júbílì ní 1935, àwọn aládìrẹ ya ọba àti olorì náà sórí aṣọ, ẹni tí kò bá sì ní i nínú àpótí rẹ̀ ti kẹ́yìn nínú oge. Bí wọ́n bá dárúkọ aṣọ, gbogbo ẹni tí ó mọ ọjà ni ó mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ sì mọ̀ pé òun kò dá nìkan wọ̀ ọ́, òun àti ẹgbẹ́ òun ni. Òkìkí rẹ̀ kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Láti Gold Coast títí dé Sẹ̀nẹ̀gà ni àwọn oníṣòwò ti ń wá sí Abẹ́òkúta wá ra àdìrẹ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wá nítorí pé àánú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí owó náà gbà. Iṣẹ́ obìnrin ni, obìnrin ni ó sì ni ín: ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ-ọmọ, ẹni tí ó bá sì ní ìkòkò ni ó ni èrè ìkòkò. Aládìrẹ tí kò ní ìkòkò tirẹ̀ a máa gbé aṣọ tí ó ti dì tàbí tí ó ti yà tọ aláró lọ, a sì san owó iṣẹ́ fún un. Ìyá olówò tí ń ra aṣọ funfun, tí ń gbé e fún àwọn méjèèjì, tí ń gbà á padà láti tà fún àlejò, náà sì mọ ìpín tirẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ ojú ara wọn, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, ẹni tí ó bá rẹ́ ẹnì kejì jẹ kò lè fara pa mọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́. Èyí ni ó mú kí ẹ̀tọ́ rọrùn láti pa mọ́: kò sí òkun láàárín ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ aró àti ẹni tí ó gba owó. Síbẹ̀, ihò kan wà lára ètò yìí, nítorí pé ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni aṣọ funfun ti ń wá, àwìn ni ọ̀pọ̀ ìyá olówò sì ń gbà á. Nígbà tí ọjà bá yá, àwìn a máa mú òwò gbòòrò. Nígbà tí ọjà bá kú, gbèsè a jókòó ti ni.

Ọjà sì kú lóòótọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ láti 1929 lọ, owó kòkó já, àwọn tí ń ra àdìrẹ dín kù, gbèsè sì wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláró. Nínú ìnira yìí ni púpọ̀ nínú wọn fi kọjú sí ohun tí òyìnbó kó dé, èyí ni sódà tí ń jẹ nǹkan àti aró alágolo, nítorí pé méjèèjì ń yára, wọn kò sì gba eérú sísun àti èlú gígún. Aṣọ tí ó ti ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ di ohun tí ó ń parí ní wéré, iye owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá fi sùúrù ṣe kì í tọ́jọ́: ẹni tí kò mọ ìwọ̀n sódà mú kí aṣọ gbó kí ó tó pẹ́, aró mìíràn sì ń ṣí bí omi bá ti kàn án, àwọn oníbàárà tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ rí i pé orúkọ ìlú ń bàjẹ́, wọ́n sì fòfin de sódà àti aró òyìnbó náà. Inú rere lè wà nínú òfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ gbèsè, tí ìkòkò rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò rí inú rere níbẹ̀. Ní 1936, àwọn aláró kó ara wọn jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n sì gbé ẹ̀hónú wọn dé iwájú ìjọba. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé sì fi hàn pé àwọn mọ ọ̀nà tí a ń gbà jà fún iṣẹ́ ẹni.

Ẹ̀kọ́ ìgbà náà kò tíì gbó. Nígbà tí ọjà bá ń béèrè aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ara oníṣẹ́ ni ẹ̀dínwó náà ti ń jáde ní àkọ́kọ́. Yóò dín oorun rẹ̀ kù, yóò dín sùúrù rẹ̀ kù, lẹ́yìn náà ni yóò dín ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ kù, ìgbà tí ẹwà bá sì ti lọ, kò sí ohun tí yóò fi béèrè owó gidi mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni òfin tí a ṣe sórí oníṣẹ́ láì pe oníṣẹ́ sí ìpàdé, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè dá ẹwà náà padà. Òfin Aláké kò lé sódà kúrò ní Abẹ́òkúta. Sódà náà wà níbẹ̀ di òní.

Kò ju ọdún mẹ́wàá àti díẹ̀ lọ lẹ́yìn ẹ̀hónú 1936 tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tún fi dìde, lórí ọ̀rọ̀ owó orí àti ìnira ọjà, lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, abiyamọ tí kò mọ̀bẹ̀rù, tí ìjà wọn fi mú Aláké kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Mo mẹ́nu kan án nítorí aṣọ. Obìnrin tí ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì lè wọ gáùn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀; ìró àti bùbá ni ó yàn, ó wọ̀ ọ́ nílé, ó wọ̀ ọ́ lẹ́yìn odi, ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé inú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà wọ̀ ọ́ wá sí ìpàdé, kí ìyá alátẹ má baà rò pé òun kéré sí wọn. Ṣáájú rẹ̀, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àlùfáà Mójọlà Agbébí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ti kọ kóòtù sílẹ̀ fún agbádá. Báyìí ni ẹ̀tọ́ ṣe wọ inú oge: ẹni tí ó wọ aṣọ ilẹ̀ wa ń sọ fún ayé pé ẹni tí ó ṣe é yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún.

Síbẹ̀, nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ojú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú ńlá kò sí lára àdìrẹ mọ́; aṣọ ìyá àgbà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yí ojú wọn padà ní gbangba ni Ṣadé Thomas-Fahm, tí ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì padà dé Èkó ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Ó ṣí ìsọ̀, ó sì ń fi àdìrẹ, aṣọ òkè àti àwọn aṣọ ilẹ̀ wa mìíràn rán ohun tí obìnrin tí ń lọ síbi iṣẹ́ lè tètè wọ̀: ìró tí ó ní síìpù, gèlè tí a ti wé sílẹ̀ tí a kàn ń dé lórí. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó ṣàánú aláró. Ó wo ohun tí ológe ń fẹ́, ó sì gba ibẹ̀ mú un padà sí ìdí ìkòkò aró.

Ní Òṣogbo, ìlú aró, iṣẹ́ náà gba ọ̀nà mìíràn sọjí. Níkẹ̀ẹ́ Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ láti ọwọ́ àwọn ìyá ilé rẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láì gba owó lọ́wọ́ wọn. Ó gbé àdìrẹ kọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ń gbé àwòrán kọ́, nílé àti lókè òkun, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í wọ ohun mìíràn jáde ju iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa lọ. Nígbà tí aṣọ bá dé ibi tí a ti ń bu ọlá fún iṣẹ́ ọnà, orúkọ oníṣẹ́ a máa bá a dé ibẹ̀, kò sì ní rọrùn mọ́ láti fún un ní owó àkùfọ́.

Ìran tí ó wà lóde báyìí ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Amaka Osakwe, tí ń fi àdìrẹ ṣe aṣọ ìgbàlódé lábẹ́ orúkọ Maki Oh ní Èkó, rí i tí Michelle Obama wọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Johannesburg ní 2013. Kenneth Ize ní tirẹ̀ kọjú sí aṣọ òkè, ó bá àwọn ahunṣọ ní Ìlọrin ṣiṣẹ́, aṣọ tí àwọn ahunṣọ hun fún un sì dé Paris ní 2020 lára Naomi Campbell. Àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ ní Paris ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí ojú wọn rí, ahunṣọ Ìlọrin sì rí iṣẹ́ ṣe nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá àtijọ́ ti tún padà pẹ̀lú agbára ńlá. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí ó jí ọnà àdìrẹ gbé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ aró, kún inú ọjà wa, owó rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kò lè bá a du iye owó. Bí a bá bá a du iye owó, ọ̀nà tí sódà gbà mú wa ní àwọn ọdún 1930 náà ni yóò gbà mú wa. Ohun tí ẹ̀rọ kò ní ni kí a fi bá a jà: ọnà tuntun tí ó bá àsìkò mu, aró tí kì í ṣí, ìránṣọ tí ó bá ara ológe mu, àti ìtàn ẹni tí ó ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ má ṣe fi òṣì oníṣẹ́ polówó aṣọ. Ẹ fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ polówó rẹ̀, kí ẹ sì san owó ọgbọ́n náà fún un kí ẹ tó ka èrè tiyín. Ẹ̀yin aláró àti ahunṣọ, ẹ kó ara yín jọ bí àwọn ìyá yín ti ṣe ní 1936, kí ẹnikẹ́ni má baà dá owó iṣẹ́ lé yín lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin ológe, ẹ má dẹ́kun oge, nítorí pé ojú yín tí kì í gba ìgbàkugbà ni ó mú kí àdìrẹ dàgbà. Kìkì pé bí ẹ bá ti wo ọnà aṣọ tán, kí ẹ béèrè ọwọ́ tí ó ti wá àti ohun tí ọwọ́ náà gbà. Ìwà lẹwà, àwọn baba wa ni ó wí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ó wu ojú, tí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹ̀tọ́, ni ó péye láti wọ̀ jáde.